Ibojì Afín-Òǹtẹ̀ Owó: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Láì Bà Á Jẹ́

Ẹni tó bá ń kó owó àtijọ́ jọ, òfin kan ló máa ń kọ́kọ́ kọ́: a kì í fọ owó. Ṣílè tó ti ṣú láti ọdún 1838, bí ẹ bá fi eérú àti ọṣẹ bó o títí ó fi ń kọ mànà, iye rẹ̀ ti já lọ́jà nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan lẹ bó kúrò. Ojú iṣẹ́ ẹni tó fín àwòrán ibẹ̀ ti bá a lọ. Síbẹ̀, àwọn tó mọ òfin yìí lórí owó a máa gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n bá dé ìdí ibojì ẹni tó fín owó ọ̀hún. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti Jik ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ orí ìwé yìí, àti nítorí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ibojì oníṣẹ́-ọnà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ igbó.

William Wyon ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Birmingham ni wọ́n bí i sí ní 1795, nínú ìdílé tí fífín òǹtẹ̀ irin jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, bí ìlù ti rí fún àwọn ọmọ Àyàn. Lọ́wọ́ Peter bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó wọ ilé ìtẹ̀wó ìjọba ní London ní 1816 gẹ́gẹ́ bí igbákejì afín-òǹtẹ̀, ó di olórí wọn ní 1828, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú sí Brighton ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, 1851. Ibi ìsìnkú West Norwood, ní gúúsù London, ni wọ́n sin ín sí.

Òun ló fín orí Victoria nígbà tí ọbabìnrin náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, orí tí wọ́n ń tẹ̀ sára ṣílè láti 1838 títí di 1887. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wé ìtàn tiwa. Èkó bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó ní 1861. Ṣílè àti sísì tuntun tó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ sínú ọjà Èkó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ ìjọba wọn, orí tí Wyon fín ló wà lójú wọn. Àwọn ìyá ìyá wa tó ń ka owó ẹyọ tẹ́lẹ̀ ti fi àtàǹpàkò ra iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ọba tó wà níbẹ̀. Àwòrán tó fín sára mẹ́dà ìlú London ní 1837 náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe Penny Black ní 1840, sítáǹbù àkọ́kọ́ láyé tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Nítorí ibi tí wọ́n sin ín sí ni mo sì ṣe yàn án. Ọdún 1837 ni wọ́n ṣí West Norwood. William Tite ló yàwòrán rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tó ogójì éékà, kò sì jìnnà sí Brixton àti Peckham tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Káńsù Lambeth gbà á ní 1965, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó òkúta orí ibojì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń tún ilẹ̀ ibẹ̀ tà fún òkú tuntun. Ní 1994, ilé ẹjọ́ ìjọ ti dáyósíìsì Southwark dájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sófin. Ẹni tó bá rántí bí ìjọba ṣe tú itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ká ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1970, itẹ́ tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí, kò ní rò pé Lambeth nìkan ló mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ hù. Láti ìgbà ìdájọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dédé gbé òkúta kan kúrò ní Norwood, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í dédé tún ọ̀kan ṣe. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ibi tó dára láti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹ rí i dájú pé òun ni

Orúkọ ìdílé lórí òkúta kò tó ẹ̀rí, pàápàá nínú ìdílé oníṣẹ́-ọnà. Ẹ wo àwọn Wyon. Thomas wà, arákùnrin bàbá William. Thomas ọmọ rẹ̀ wà, ẹni tó di olórí afín-òǹtẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó sì kú ní 1817. Benjamin wà, tó ń fín èdìdì ọba. Leonard Charles ọmọ William wà, tó fín orí Victoria sí kọ́bọ̀ idẹ tuntun ní 1860. Joseph Shepherd, Alfred Benjamin àti Allan tún wà lẹ́yìn wọn. Gbogbo wọn ló ń fi òǹtẹ̀ jẹun, orúkọ wọn sì ń jọra. Mo ti rí i kí èèyàn fi òdòdó sẹ́sẹ̀ ìbátan ẹni tó ń wá, kó ya fọ́tò, kó lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ìwé ìsìnkú ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì ibi ìsìnkú. Ní Norwood, ibojì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, ó sì ní igun tó wà lórí máàpù, torí pé gbogbo ilẹ̀ náà ni wọ́n pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé. Ẹ gba nọ́ńbà, igun, ọjọ́ ìsìnkú, orúkọ ẹni tó ra ilẹ̀, àti orúkọ gbogbo òkú tó wà nínú ibojì náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì jù. Bí káńsù bá ti tún ilẹ̀ náà tà ṣáájú ìdájọ́ 1994, ẹlòmíràn ti wà lórí olókìkí yín, ọmọ rẹ̀ sì lè ṣì máa wá gbé òdòdó síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ sọ ọmọ náà di àlejò nínú ibojì bàbá rẹ̀.

Ẹ fi ìwé mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Ìwé ìpíngún àwọn tó ní dúkìá tí wọ́n kú ṣáájú 1858 ní gúúsù England, púpọ̀ nínú wọn wà ní National Archives ní Kew. Ó máa ń dárúkọ ìyàwó, ọmọ, àti nígbà mìíràn ibi tí olóògbé fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Ìwé ìròyìn ìgbà náà náà ń sọ tẹni tó kú. Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ibi Ìsìnkú West Norwood, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, ti ń wá inú irú ìwé báyìí kiri tipẹ́. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe.

Bí ẹ bá ti ń bá wọn rìn nínú ọgbà, ẹ ní kí wọ́n fi ibojì Hiram Maxim hàn yín, ẹni tó ṣe ìbọn Maxim, tí wọ́n sin síbẹ̀ ní 1916. Irú ìbọn rẹ̀ wà lára ohun tí òyìnbó fi ja Ìjẹ̀bú lógun ní Ìmàgbọ̀n ní 1892. Ẹni tó fín ṣílè tiwa àti ẹni tó ṣe ìbọn tó pa wá, ilẹ̀ kan náà ló gbà wọ́n. Ohun tí olúkúlùkù bá rò nípa ìyẹn, kó rò ó. Iṣẹ́ wa kọ́ nìyẹn.

Àṣẹ, kí a tó já ewé kan

Nílẹ̀ Yorùbá, àgbà tí a sin sí inú ilé, ọmọ ilé ló ni ibojì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbá ojú oórì bàbá rẹ̀. Ní ilẹ̀ England, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló lè ní ẹ̀tọ́ lórí ibojì kan náà, ìbínú ẹnì kan nínú wọn sì tó láti dá iṣẹ́ dúró.

Ilẹ̀ jẹ́ ti káńsù. Ẹ̀tọ́ láti sìnkú síbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ibojì, tàbí ti àwọn àrólé rẹ̀. Òkúta orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbé e kalẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn àrólé náà. Bí ilẹ̀ náà bá wà ní apá tí bíṣọ́ọ̀bù yà sọ́tọ̀ fún ìjọ Áńgílíkà, ìjọ gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní faculty, àfi bí iṣẹ́ náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè gbà yín láyè láìsí i. Bí òkúta náà bá sì wà nínú ìwé àwọn ohun àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò, ọ́fíìsì ètò ilé kíkọ́ ní káńsù máa tún fẹ́ rí yín. Ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nínú lẹ́tà kan, lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ibi ìsìnkú. Wọ́n mọ ẹni tí ọ̀ràn kàn jù yín lọ.

Kí lẹ́tà náà sọ nọ́ńbà ibojì, ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹni tó máa ṣe é, ohun èlò tí ẹ máa lò, àti ẹni tó máa san owó. Ẹ fi fọ́tò sí i. Ẹ má kọ “a fẹ́ tún un ṣe dáadáa” láìsọ bí. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìsìnkú, torí wọ́n ti rí ohun tó ń tẹ̀ lé e.

Àwọn àrólé lè má sí mọ́, tàbí kí wọ́n wà ní Australia láìmọ̀ pé àwọn ní ibojì. Ẹ lẹ ìkéde mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibojì, kì í ṣe mọ́ òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn àdúgbò. Ẹ fún wọn ní oṣù mélòó kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ẹ̀rí pé ẹ wá wọn ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá yọjú.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ìdí ibojì, kámẹ́rà àti ìwé ni kí ẹ mú lọ, ẹ fi ìyókù sílé. Fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́, ti òkè, ti ìdí, ti àyíká, pẹ̀lú rúlà nínú rẹ̀. Ẹ má gbára lé fọ́tò tí ẹnì kan yà nígbà kan, torí ẹ̀ka igi kan lè ti wó lu òkúta náà láti ọdún tó kọjá.

Lẹ́tà tó ti parẹ́ kì í sábà parẹ́ tán. Ẹ wá dígí ńlá kan, ẹ fi darí oòrùn kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú òkúta. Tàbí kí ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bí ọ́fíìsì bá gbà, kí ẹ gbé e sún mọ́ òkúta láti apá kan. Òjìji á kún inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ kò rí lọ́sàn-án á sì jáde. Ẹni tó ń wo owó àtijọ́ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń yí ṣílè tó ti jẹ lábẹ́ iná láti rí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ má fi ẹfun, ìyẹ̀fun tàbí fọ́ọ̀mù ìfárùngbọ̀n kun lẹ́tà kó lè hàn. Ẹ máa rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe é. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn ń wọnú òkúta lọ, kì í sì í jáde.

Bí òkúta náà bá jẹ́ mábù, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ti òjé. Agbẹ́kùúta á gbẹ́ lẹ́tà, á lu ihò kéékèèké sínú rẹ̀, á wá fi òòlù tẹ òjé mọ́ ọn kó lè di ihò mú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ òjé á bọ́ dànù, ihò nìkan ló máa kù. Ẹ má kà á sí òkúta tí kò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Ihò méjì lókè, ọ̀kan láàárín, méjì nísàlẹ̀: ẹ fi pẹ́ńsù dà wọ́n kọ sórí ìwé, ẹ wò ó pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ti rí nínú ìwé ìsìnkú, lẹ́tà á padà. Mi ò mọ ohun tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Ìtàkùn, omi àti búrọ́ọ̀ṣì

Ìtàkùn ivy ni ọ̀tá àkọ́kọ́, òun náà sì ni ó ń mú kí èèyàn yára jù. Bí ẹ bá fà á, á fa ojú òkúta dání. Ẹ gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó kú, kó gbẹ, kó tú ọwọ́ fúnra rẹ̀; ìyẹn lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ ṣe gígé yìí láàárín oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kejì. Láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹjọ ni ẹyẹ ń yé, òfin 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ sì dáàbò bo ìtẹ́ wọn. Àdán náà ní òfin tirẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn nínú ihò òkúta tàbí nínú yàrá ibojì, ẹ dúró, ẹ pe ọ́fíìsì.

Ẹ mọ òkúta yín kí ẹ tó fi omi kàn án. Mábù àti òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Portland, ásíìdì ń jẹ wọ́n. Fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó lè bó ìdọ̀tí ìkòkò, òkúta fúnra rẹ̀ ló ń bó lára wọn. Eérú dúdú tó máa ń kún abẹ́ ọ̀ṣọ́ wọn ní London, èéfín èédú ìgbà àtijọ́ ló di èèpo síbẹ̀ níbi tí òjò kì í dé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún onímọ̀. Òkúta oníyanrìn ń ṣí bí ewé ìwé, pàápàá bí agbẹ́kùúta bá ti gbé e dúró lòdì sí bí ó ṣe sùn nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá kan án tó ń dún bíi ohun tó ṣófo, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Gíránáìtì nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Bí òkúta bá le, ẹ lo omi lásán tó mọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ bíi ti ìwẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa fọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn má bàa fa ilà sí ibi tó gbẹ. Igi pẹlẹbẹ ni ẹ fi ń họ ohun tó bá dì mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára fọ́n omi sílé. Ó dára fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Jik àti gbogbo ẹbí rẹ̀ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú òkúta. Iyọ̀ yẹn ń wú nínú rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, ó sì ń ti ojú òkúta jáde díẹ̀díẹ̀, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti ya fọ́tò tó funfun tán. Oògùn wà tí wọ́n ṣe fún òkúta, D/2 ni ọ̀kan tí àwọn itẹ́ òkú ìjọba Amẹ́ríkà ń lò, tó ń pa ewédò láìfi iyọ̀ sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó lò ó.

Àwọn àmì róbótó aláwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ọsàn tó wà lójú òkúta, lichen ni wọ́n. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni wọ́n, wọn kì í sì í dàgbà kánkán; òmíràn lè ti wà níbẹ̀ kí bàbá bàbá yín tó dáyé. Bí wọn kò bá bo ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà. Ibi tí òkúta ti ń tàn yọ bí ibojì ìsìnyìí láàárín ọgbà ọdún 1837, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti fọ owó níbẹ̀.

Èyí tó ti wó tàbí tó ń wó

Òkúta orí ibojì wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó sì ti pa ọmọdé rí ní ilẹ̀ England. Nítorí ẹ̀ ni káńsù fi ń ti òkúta kọ̀ọ̀kan wò lóòrèkóòrè láti mọ èyí tó ń mì. Ẹ má gun un, ẹ má jókòó lé e, ẹ má fi ọwọ́ gbé e dìde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ibojì olówó ti ìgbà Victoria, yàrá bíríkì ló wà, òrùlé rẹ̀ sì lè ti jẹrà. Pákó fífẹ̀ la ń tẹ́ kí a tó dúró lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ibí yìí ti agbẹ́kùúta ni, ti onímọ̀ ìtọ́jú ohun àtijọ́ sì ni. Ẹgbẹ́ wọn ní Bìrìtìkó, tí wọ́n ń pè ní Icon, ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi wọ́n, torí bíríkìlà tó bá fẹ́ bà yín jẹ́, ẹ̀dínwó ló máa fi bà yín jẹ́. Ẹ bèèrè pé: kí ni ẹ máa fi so ó pọ̀? Bó bá ní sìmẹ́ǹtì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ. Sìmẹ́ǹtì le ju òkúta lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi jáde. Omi á wá gba inú òkúta jáde, yìnyín á dì í níbẹ̀ lọ́wọ́ òtútù, òkúta á là, sìmẹ́ǹtì á wà digbí. Ẹfun òkúta tí wọ́n sun, tí àwọn òyìnbó ń pè ní lime, ló yẹ: ó rọ̀ ju òkúta lọ, ó ń mí, bí nǹkan bá sì máa bàjẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, èyí tó sàn. Lime kì í fẹ́ òtútù. Bí ojú ọjọ́ bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 5, kì í dì dáadáa. Nítorí náà gígé ìtàkùn ní ìgbà òtútù, dídì òkúta ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ọdún kan gbáko ni ètò tó dára ń gbà.

Ìbéèrè kejì: irin wo ló wà nínú rẹ̀? Àwọn àtijọ́ máa ń fi irin lásán so òkúta pọ̀. Nígbà tí irin bá dípẹtà, á wú, á sì la òkúta láti inú. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò rẹ̀. Ibi tí ó bá ti ṣẹ́ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkúta tí etí rẹ̀ ṣẹ́ ṣì jẹ́ òkúta tí agbẹ́kùúta ọdún 1851 gbé kalẹ̀.

Ṣé ká tún lẹ́tà fín?

Ibí yìí ni ìjà wà, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ní èrò tó le.

Ẹbí tàbí ẹgbẹ́ tó bá rí owó jọ, ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ rí ni orúkọ tó hàn gbangba. Agbẹ́kùúta á sọ pé òun lè tún lẹ́tà náà gbẹ́ jinlẹ̀, ẹni tó wà lójú ọ̀nà á kà á. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó gbẹ́ kì í ṣe lẹ́tà tó wà níbẹ̀ mọ́. Ojú òkúta á sì ti sọ̀kalẹ̀, lẹ́tà tuntun á wà nínú ihò lẹ́tà àtijọ́. Bí agbẹ́kùúta náà bá ka nọ́ńbà kan sí òmíràn, àṣìṣe yẹn ló máa di ìtàn, torí ẹ̀rí tí à bá fi já a nírọ́ ti di eruku lẹ́sẹ̀ òkúta.

Fún afín-òǹtẹ̀, èyí burú ju bó ṣe rí fún ẹlòmíràn lọ. Nílé ìtẹ̀wó, òǹtẹ̀ tó ti jẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tún fín kí ó lè sìn díẹ̀ sí i, owó tó bá sì jáde láti ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ owó ń yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí ọwọ́ kejì ti kàn. Wyon fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ẹni túmọ̀ sí. Nígbà tí Benedetto Pistrucci ará Ítálì, tó fín Saint George àti dírágónì sí pọ́n-ùn góòlù ní 1817, kọ̀ láti fín orí George Kẹrin láti ara ère tí Chantrey gbẹ́, torí kò fẹ́ ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn, Wyon ni wọ́n gbé e fún. Ìjà àwọn méjèèjì kò sì tán nílé ìtẹ̀wó. Wyon ń fi W.W. sí ọrùn àwọn orí tó fín. Ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ kí agbẹ́kùúta tí kò mọ̀ ọ́n tún ọ̀rọ̀ ojú ibojì rẹ̀ fín?

Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fi lẹ́tà àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ gbé òkúta síléètì kékeré kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, lórí ilẹ̀, kí ó ní orúkọ, ọdún ìbí àti ikú, iṣẹ́ rẹ̀, àti ọdún tí ẹ gbé e kalẹ̀. Síléètì ń gba lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa, kì í sì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ṣeé kà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ní kíkún, pẹ̀lú ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti parí àti ibi tí lẹ́tà ti sọnù. Ibì kan ṣoṣo ni mo máa yí èrò mi padà: bí ó bá jẹ́ lẹ́tà òjé ni, tí ihò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pérépéré, wọ́n lè fi òjé tuntun sínú ihò kan náà láìgbẹ́ òkúta.

Ẹ má sì ya owó sára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yín máa fẹ́ kí wọ́n fín kìnnìún àti Una, ọmọbìnrin inú ewì Spenser tí Wyon fi Victoria ṣe lórí owó góòlù pọ́n-ùn márùn-ún ní 1839. Ẹ sọ fún un pé Wyon ti fín in, ó sì fín in dáadáa.

Ẹni tó máa san owó

Ẹgbẹ́ méjì ló wà ní Bìrìtìkó tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí: Royal Numismatic Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1836 nígbà ayé Wyon, àti British Numismatic Society, ti 1903. Àwọn oníṣòwò owó àtijọ́ náà kì í ṣahun bí ẹ bá fi ìwé àṣẹ yín hàn wọ́n. Ilé ìtẹ̀wó ìjọba kò sí ní London mọ́, Llantrisant ní Wales ni wọ́n kó lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi iṣẹ́ Wyon pawó: ní 2019 wọ́n tún Una àti kìnnìún tẹ̀ nínú ọ̀wọ́ owó tí wọ́n fi ń rántí àwọn afín-òǹtẹ̀ ńlá. Ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wọn, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ro èyí tó kù.

Ẹ gba iye owó iṣẹ́ lọ́wọ́ onímọ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọrẹ. Àkáǹtì báńkì tí ẹ máa gba owó sí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo; akápò kan, ẹni méjì tó ń bá a fọwọ́ sí i. Insúráǹsì wà lára iye owó náà, bẹ́ẹ̀ ni owó ìwé àṣẹ. Apá kan nínú owó tí ẹ bá rí, kó wà fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé. Wọ́n á tún ibojì ṣe, wọ́n á pe oníwàásù, wọ́n á ya fọ́tò, ìtàkùn á padà wá.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí

Ẹ máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òtútù àti kí òtútù tó dé. Ẹ fa ìtàkùn kékeré nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ má gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí ó rẹwà tó. Gbòǹgbò ló máa gbé e wó.

Àwọn olùfẹ́ owó máa ń fi owó sílẹ̀ lórí ibojì afín-òǹtẹ̀. Ó dùn mọ́ni, ó sì ń ba òkúta jẹ́. Kọ́bọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ idẹ máa ń fi àwọ̀ ewé sára mábù. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Bìrìtìkó láti 1992, irin ni inú rẹ̀, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bò ó, nítorí náà á dípẹtà lórí òkúta lẹ́yìn òjò díẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wá, kí ẹ fi sínú àpótí ìtọ́jú ibojì náà. Bí ó bá wù yín, ẹ gbé àwo síléètì kékeré kan sílẹ̀ fún un, kó jìnnà díẹ̀ sí òkúta.

Ìwé tí ẹ ti ń kọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ́fíìsì ibi ìsìnkú, ọ̀kan fún Lambeth Archives, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ onímọ̀ owó tó sanwó iṣẹ́. Kó sọ irú òkúta tí ẹ lò àti ibi tí ẹ ti rà á, irú lime, ọjọ́ tí ẹ pò ó àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ibi tí irin tuntun wà nínú òkúta, àti gbogbo ibi tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Agbẹ́kùúta tó máa tún un ṣe lẹ́yìn yín nílò abala tó kẹ́yìn yìí ju gbogbo ìyókù lọ.